Ìbọn Olómi tí Bàbá Àgbà Ṣe ní Muwaileh

Níbi ìsìnkú Bàbá àgbà ní Ṣakí, gbogbo ẹni tó gba makirofóònù ló ń sọ pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n ní kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ní kò sí ohun tó ń tètè bí i nínú. Mo wo pósí náà dáadáa, mo tún wo àwòrán tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, bóyá òkú ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún wa. Bàbá tí èmi mọ̀ bá ẹ̀rọ agbéniròkè jà ní Sharjah, ó bá ìbọn oníke jà, ó sì fi omi ba ọ̀gá ọlọ́pàá nírùngbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́.

Mi ò ní àwọn tó sọ̀rọ̀ parọ́ o. Wọn ò kàn bá a gbé inú ilé oníyàrá méjì ni.

Bàbá ìyá mi ni. Alágbẹ̀dẹ ni, ìbọn ọdẹ ló sì fi gbogbo ayé rẹ̀ rọ. Nígbà tí Ìyá àgbà kú, tó ku òun nìkan nílé, Màmá mi gba visa fún un, ó mú un wá sọ́dọ̀ wa ní Muwaileh, ní Sharjah. Màmá nìkan ni ọmọ tó kù fún un láyé. Ọ́fíìsì kan ní Deira ní Dubai, tí wọ́n ti ń di ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó, ni Màmá ń bá ṣiṣẹ́. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Al Barsha. Orí visa Màmá ni visa Bàbá dúró lé. Bí wọ́n bá dá Màmá dúró lónìí, Bàbá á di ẹrù tirẹ̀ náà.

Àsìkò náà sì burú. Ọrọ̀ ajé Dubai ti ṣubú, àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ dúró láàbọ̀, àwọn ènìyàn ń lọ sílé láì dágbére. Àwọn mẹ́sàn-án ló wà ní ọ́fíìsì Màmá tẹ́lẹ̀. Ó ti ku mẹ́ta. Ọ̀gá wọn ti kìlọ̀ fún àwọn mẹ́ta náà pé ẹni tó bá kó wàhálà kankan dé ọ̀dọ̀ òun, yálà ti ọlọ́pàá tàbí ti onílé, kó máa lọ sílé. Màmá ń rìn lórí ẹyin. Bàbá ńkọ́? Bàbá ń rìn bó ṣe wù ú.

Yétúndé ni orúkọ mi, nítorí pé lẹ́yìn tí ìyá Bàbá kú ni wọ́n bí mi. Nítorí náà, "Yèyé mi" ni Bàbá máa ń pè mí, ó sì mọ bí a ṣe ń lo oyè náà. Bí Màmá bá ti ń bá a wí, ẹ̀yìn mi ló ń sá sí.

"Yèyé mi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń sọ sí mi?"

Màmá á ní, "Bàbá, ọmọ tèmi náà lẹ tún ń fẹjọ́ mi sùn yẹn o!"

"Ìwọ lo bí i. Ṣùgbọ́n ta ló bí mi?"



Ọrọ̀ ajé tó ṣubú yẹn náà ló gbé ẹ̀rọ wọlé wá bá wa. Ará Pakistan kan wà ní àdúgbò àwọn oníṣẹ́ irin ní Sharjah, Rahim ni wọ́n ń pè é. Bàbá máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Rahim kò gbọ́ Yorùbá, Bàbá kò gbọ́ Urdu, Gẹ̀ẹ́sì àwọn méjèèjì pa pọ̀ kò sì kún ṣíbí. Síbẹ̀ wọ́n á jiyàn lórí irin láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú èdè tirẹ̀, wọ́n á sì jọ mu tíì. Nígbà tí iṣẹ́ tán pátápátá, tí Rahim ń padà sílé, ó kó àwọn ẹ̀rọ ńlá fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù láàárín wọn, ó fi ta Bàbá lọ́rẹ. Míìlì ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Kò ga ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Tábìlì irin kékeré kan wà lára rẹ̀ tí a ń fi wíìlì yí síwá sẹ́yìn, ọ̀bẹ kan sì ń pòyì lókè tó ń fá irin díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fá orí.

Rahim di ọwọ́ Bàbá mú, ó ní, "Baba, machine no sleep. Machine sleep, machine finish. Every day, thoda thoda." Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń wí.

Bàbá dé ilé, ó ní wọ́n ti fi ọmọ sí ìtọ́jú òun, òun kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó sùn.

Ẹ̀rọ agbéniròkè ilé wa kọ̀ láti gbé e. Bí Bàbá àti ẹ̀rọ rẹ̀ bá ti wọ inú rẹ̀ pọ̀, á máa ké. Shafi, aṣọ́lé wa, ará Kerala, sáré jáde. "Baba, no, no! Lift is for people only!"

Bàbá ní kí n sọ fún un pé ẹ̀rọ yìí níwà ju àwọn kan tó ń gun lífítì yẹn lójoojúmọ́. Mi ò túmọ̀ rẹ̀. Bàbá rò ó lọ rò ó bọ̀, ó jáde, ó fi ẹ̀rọ nìkan sílẹ̀ nínú lífítì, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi dé e lórí kí ẹni tó bá rí i lè mọ̀ pé ó ní ẹni tó ni ín, ó sì tẹ nọ́ńbà keje. "Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀." Nígbà tí a gba àtẹ̀gùn dókè, ìyá ará Íjíbítì kan tí ojú rẹ̀ kò ríran tó ti ń kí ẹ̀rọ náà ní salaam, ó sì ń ráhùn pé kò dá òun lóhùn. Bàbá bá ẹ̀rọ náà dáhùn.

Báyìí ni báákónì wa ṣe di ilé àgbẹ̀dẹ. Ibi tí Màmá ti ń sá aṣọ ni tẹ́lẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ní ilé àgbẹ̀dẹ àwọn Bàbá ní Ṣakí, ẹni tó bá wọlé, ìbáà jẹ́ ọba, á kọ́kọ́ fín ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ná díẹ̀ kó tó sọ ohun tó bá wá. Kò sí ẹwìrì ní Muwaileh, nítorí náà wíìlì ẹ̀rọ ni àlejò ń yí. Ó ń mú gbogbo ènìyàn bákan náà. Pásítọ̀ wa wá kí wa lọ́jọ́ kan, ó yí i pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ apá. Ọkùnrin tó wá tún AC ṣe yí i. Nígbà tí Wálé, tó ń ṣe security ní Silicon Oasis nígbà náà, wọ kóòtù wá láti sọ pé òun fẹ́ fẹ́ mi, Bàbá kò jẹ́ kó parí gbólóhùn àkọ́kọ́.

"Ọwọ́ kọ́kọ́, ẹnu lẹ́yìn."

Wálé yí wíìlì títí òógùn fi gba ẹ̀yìn kóòtù rẹ̀. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, Bàbá wo irin tó gé, ó wo Wálé, ó wò mí. Ó ní, "Ó ní sùúrù. Àmọ́ ó máa ń kánjú bó bá kù díẹ̀ kó parí, kí ẹ mójú tó o." Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń mójú tó o, òótọ́ ni Bàbá sọ.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ló wá kù. Ọjọ́ kan ni Màmá mú ọ̀kan lára ọjà tí wọ́n fẹ́ dì ránṣẹ́ sí Èkó wálé, ìbọn olómi tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, oníke, aláwọ̀ ewé. Bàbá rọ omi sí i. Ó jò sí i lápá. Ó tẹ̀ ẹ́, omi rẹ̀ kò dé ibi àga. Ojú Bàbá yí padà bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀.

"Àṣàkẹ́, èyí lẹ fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa nílé?"

"Bàbá, ohun ìṣeré ni."

"Ìbọn ni wọ́n pè é. Ohun tí a bá pè ní ìbọn kì í sunkún."

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi idẹ ṣe ìbọn olómi kan ṣoṣo tí ojú kò ní í ti alágbẹ̀dẹ láti fi hàn. Mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ike kọ́ nìkan. Ìbọn gígùn làwọn ọdẹ máa ń fẹ́, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó rọ ìbọn kékeré rí. Sójà kan tó ti fẹ̀yìntì gbé ìbọn ìléwọ́ kan wá fún un nígbà kan rí pé kó tún igi ìdìmú rẹ̀ ṣe, Bàbá sì sọ fún mi pé bí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣe wọnú ara wọn láì mì, oorun kò kun òun fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, ó ní ẹ̀rọ, ó ní àyè. Ta ló fẹ́ dá a dúró?

Màmá fẹ́ dá a dúró. Ó ní, "Bàbá, omi ni ẹ̀yin mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rí i lọ́wọ́ yín lọ́nà kò mọ̀. Wọ́n á dì mí lọ́wọ́ mú, visa mi á lọ, ti yín náà á lọ. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé wa ni?" Bàbá ní ilé ni òun ti ń ṣe é, ọ̀nà kọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. A jọ ń jókòó nídìí abọ́ kan náà, Màmá á ní, "Yétúndé, sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n bu ọbẹ̀ sí i." Bàbá á ní, "Yèyé mi, ẹ bá mi sọ fún un pé idẹ wà nínú ọbẹ̀ náà." Idẹ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èérún idẹ wà níbi gbogbo nílé náà. Ó wà nínú gààrí, ó wà nínú irun mi. Àlejò hòtẹ́ẹ̀lì kan bá a lára aṣọ iṣẹ́ mi, ó ní mo ń dán. Bí Màmá bá fi han Bàbá, á ní yanrìn aṣálẹ̀ ni, oòrùn ló pọ́n ọn.

Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe jò, ó gé e dànù. Ìkejì kò jò, ṣùgbọ́n ó wúwo ju kí ọmọdé gbé e. Ó gé òun náà dànù. Ẹ̀kẹta ló wá yọrí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: n kò rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọwọ́ ènìyàn. Ó kéré, ó ń dán, Bàbá sì ya àwòrán ewé àgbàdo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, omi tinínrín á lọ tààrà kọjá báákónì méjì, á bá ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gbẹ lórí okùn níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin náà pe oní-AC pé ó ń jò sí òun láṣọ. Bàbá á wọlé wá jókòó, á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún méje. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀; Bàbá ti fà á yọ.

Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, n kò ní í ní ohun tí mo ń kọ. Ṣùgbọ́n nílùú wọn, alágbẹ̀dẹ kò gbọdọ̀ lo ìbọn tó bá rọ títí olórí ọdẹ á fi rí i. Ó máa ń wé e sínú aṣọ funfun, á gbé e lọ fún un, olórí ọdẹ á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní ó dára. Bàbá rí i pé òun ti ń yin ìbọn kí àgbà kan tó fi ojú kàn án, ẹ̀rí ọkàn kò sì jẹ́ kó sùn. Ó béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, bí ẹni tí kò ní ohunkóhun lọ́kàn, pé ta ni olórí àwọn tó ń gbé ìbọn ní Sharjah.

Mo ní, "Àwọn ọlọ́pàá ni, Bàbá."

Òmùgọ̀ ni mí.

Ọjọ́ tí mo ń sinmi níbi iṣẹ́ ni. Bàbá wọ bùbá àti ṣòkòtò òfì, ó ní kí n múra, a ń lọ kí ènìyàn ńlá kan. Mo rò pé ọ̀rẹ́ tuntun ló ní. Ó fún onítakisí ní ìwé tí Shafi bá a kọ, mo kàn rí i pé a sọ̀ kalẹ̀ níwájú àgọ́ ọlọ́pàá. Kí n tó lanu, Bàbá ti wọlé, ó ti ṣí fìlà, ó ti gbé aṣọ funfun lé orí káńtà, ó sì ń tú u.

Ọlọ́pàá ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ fò sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kan ìbàdí. "Shu hadha? Ya hajji, hands! Hands!"

"Kí ló ní?" Bàbá bi mí.

"Bàbá, ẹ gbé ọwọ́ yín sókè! Bàbá mi o!"

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn. Mo ń pariwo "Water! Water! Toy, please, it is only water!" Orúkọ Màmá nìkan ló wà lọ́kàn mi. Mo rí i tó ń di ẹrù. Ọ̀gá wọn jáde láti inú yàrá, ọkùnrin gíga, irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó gbé ìbọn náà, ó yí i wò. Bàbá rí i pé olórí ọdẹ ti dé. Ó na ọwọ́ jẹ́jẹ́, ó tún ọ̀nà tí ọkùnrin náà gbà dì í mú ṣe, ó fi ìka rẹ̀ lé ìka ọ̀gá láti fi hàn án bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Omi bà á nírùngbọ̀n.

 Omi ń kán sórí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó nu ojú, ó tún wo ìbọn náà, ó fi èékánná tọ ibi tí idẹ méjì ti pàdé, kò rí ojú ìpàdé.

"Who made this?"

Mo nawọ́ sí Bàbá.

"Wallah," ni ọ̀gá náà wí, ó fi Ọlọ́run búra. Ó mú wa jókòó, ó ní kí wọ́n gbé kọfí wá. Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èmi náà sì túmọ̀ fún Bàbá. Ó ní òun rí i pé omi ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i lóde kò ní í mọ̀. Ohun tó jọ ìbọn tó báyìí kò lè wà nílé ẹnikẹ́ni. Bí òun bá gbà á lọ́wọ́ Bàbá, òun gbọ́dọ̀ kọ ìwé, ìwé náà á sì lọ bá ẹni tó gba visa fún Bàbá àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Bí Bàbá bá sì fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́ lónìí, lójú àwọn, khalas, ó parí, kò sí ìwé kankan.

Mo túmọ̀ rẹ̀ tán.  Bàbá mu kọfí náà tán, ó di aṣọ funfun náà padà. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bọ̀ nílé."

Shafi ti pe Màmá lórí fóònù kí a tó dé lífítì: "Madam, police in your house." Deira sí Muwaileh jìnnà, n kò mọ bó ṣe sá a. Nígbà tó já wọlé, bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó sì rí ni ọlọ́pàá méjì nínú aṣọ iṣẹ́ lórí báákónì wa, wọ́n ń gba wíìlì yí lọ́wọ́ ara wọn, Bàbá sì dúró lẹ́yìn wọn tó ń sọ pé, "Yalla, ó yá, jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́!" Nítorí wọ́n ti wọ ilé àgbẹ̀dẹ, òfin sì mú wọn.

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo gbé! Bàbá mi ti fi ọlọ́pàá síṣẹ́!"

Mo sọ ohun gbogbo fún un. Ìgbà náà ló wá rí ohun tó wà lábẹ́ ọ̀bẹ ẹ̀rọ. Ìbọn náà ni, wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí méjì, ewé àgbàdo kan ti lọ. Bàbá ní kí àwọn ọlọ́pàá dúró. Ó ní òun fúnra òun ni yóò gé ìyókù. 

Ẹkún gba Màmá lẹ́nu. Obìnrin tó ti fi oṣù mẹ́jọ ṣẹ́ èpè fún ìbọn náà ni o. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ wọ́n. Oṣù mẹ́jọ! Ẹ jẹ́ kí n bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀."

Bàbá kò wo ẹ̀yìn. Ó ń yí wíìlì.

"Àṣàkẹ́, ìbọn ni. Bí mo bá fẹ́, mo lè rọ òmíràn. Ìwọ ni n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń rọ òmíràn."

Idẹ náà já.

Àwọn ọlọ́pàá ṣí fìlà wọn fún un kí wọ́n tó lọ. Kò sí ìwé kankan tó dé ọ́fíìsì Màmá. Wọ́n tún visa rẹ̀ ṣe lóṣù náà, wọ́n sì tún ti Bàbá ṣe. Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀gá onírùngbọ̀n gbé ìkòkò kọfí ìyá rẹ̀ wá, ẹnu ìkòkò náà ń jò, ó ń wo Bàbá bí ọmọ tó fọ́ àwo. Bàbá tún un ṣe fún un, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọ̀gá náà ti yí wíìlì.

Ọdún mẹ́fà ló tún lò pẹ̀lú wa. Ojú oorun ló ti lọ, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Muwaileh, Màmá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dùn mí wọra. Ó ń dùn mí títí di òní. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló kú sí, ohun tó sì fi ra ìyẹn, ìbọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé, ojú mi ló ṣe.

Ó dàárọ̀, Bàbá. Ohun tí wọ́n bá ń ṣe níbi tí ẹ lọ ni kí ẹ bá wọn ṣe. Bí ẹ bá rí ọlọ́pàá níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀ọ́kán ni kí ẹ ti kí i.